Télọ̀ Kì í Wọn Ara Rẹ̀

Mo kí yín o, ẹ̀yin tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ pe orúkọ àìsàn yìí sí létí ní ọsibítù, tí ẹ ò mọ bí ẹ ṣe rìn délé. Mo mọ bó ṣe rí. Èmi náà ti jókòó sórí bẹ́ǹṣì yẹn rí, tí mò ń wo ọwọ́ ara mi bí ẹni ń wo ọwọ́ ẹlòmíràn. Ṣùgbọ́n ẹ gbọ́ ná: mo ti sanra! Ẹ jẹ́ kí n tètè sọ ìyẹn, kí ẹ̀rù má baà bà yín bí ẹ ṣe ń kà á lọ. Mò ń jẹun, mò ń sùn, mò ń gun òkè Mápó láìdúró mí lọ́nà, àwọn tó ń bá ìyàwó mi kẹ́dùn ní kọ̀rọ̀ sì ti padà ń gbé aṣọ wá fún mi kí n rán. Inú mi dùn débi pé mi ò lè pa á mọ́ra, ìdí sì nìyẹn tí mo fi mú bírò.

Ràfíù lorúkọ mi. Télọ̀ ni mí. Ṣọ́ọ̀bù mi wà ní Bẹẹrẹ, aṣọ ọkùnrin ni mò ń rán: bùbá, ṣòkòtò àti agbádá. Agboolé bàbá mi nísàlẹ̀ Mápó ni à ń gbé, níbi tí èèyàn ti ń gbọ́ ariwo Ọjà'ba kí ojú rẹ̀ tó là. Èmi, Sìdíkátù ìyàwó mi, àwọn ọmọ wa, àti ìyá mi tó bí mi la jọ wà níbẹ̀.

Ẹnìkan tún wà tí mo gbọ́dọ̀ fi hàn yín, òun ni Múfútàù. Ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ àti tèmi fara kan ara wọn, ọ̀dọ̀ ọ̀gá kan náà la ti kọ́ṣẹ́. Ọ̀gá wa yẹn, kí Ọlọ́run bá wa tẹ́ ẹ sí afẹ́fẹ́ rere, fi òfin méjì lé wa lọ́wọ́. Èkíní ni pé télọ̀ kì í wọn ara rẹ̀. Ọwọ́ rẹ kò dé ẹ̀yìn rẹ, bí o bá sì tẹ orí ba láti wo téèpù, ìwọ̀n ti yẹ̀. Nítorí náà, Múfú ló ń wọn mí fún aṣọ Iléyá lọ́dọọdún, tó sì ń rán an fún mi, èmi náà ń rán tirẹ̀. Òfin kejì ni pé ẹni tó bá ń wọn èèyàn gbọ́dọ̀ pe nọ́ńbà síta, kó dún ketekete, kí ẹni tó ń kọ ọ́ sílẹ̀ má baà ṣì í kọ. Bí ẹ bá gba ìlà wa kọjá ní Bẹẹrẹ, ohun tí ẹ máa gbọ́ nìyẹn látàárọ̀ dalẹ́: "Fọ́tì! Tátì-ẹ́ẹ̀tì!" Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi òfin méjì yìí sọ́kàn.

Ọyẹ́ ni mo kọ́kọ́ dá lẹ́bi. Lásìkò ọyẹ́, ta ni kì í wúkọ́ ní Bẹẹrẹ? Eruku ọ̀nà ń bẹ, èéfín ọ̀kadà ń bẹ, òwú tó ń bọ́ lára aṣọ náà ń bẹ níbẹ̀. Ikọ́ yẹn kò le, ó kàn kọ̀ kò lọ ni. Mo ra oògùn ikọ́ olómi lọ́wọ́ oníkẹ́mísì, mo mu ún tán, mo tún ra òmíràn. Tó bá di ìrọ̀lẹ́, ara mi á máa gbóná díẹ̀díẹ̀. Kí ilẹ̀ tó mọ́, òógùn á ti rin aṣọ tí mo fi sùn gbindin. Sìdí ní ibà ni. Oníkẹ́mísì náà ní ibà ni, ó wá fi táífọ́ọ̀dù kún un kó lè rí oògùn méjì tà. Mo lo méjèèjì. Oúnjẹ wá bẹ̀rẹ̀ sí í dà bíi páálí lẹ́nu mi.

Ni ààwẹ̀ bá dé, mo sì gbà á pẹ̀lú ikọ́ náà. Ẹ̀yin náà mọ̀ pé kò sẹ́ni tí kì í já lára nínú ààwẹ̀, torí náà rírù mi rí ibi sá pamọ́ sí.

Ẹ jẹ́ kí n sọ díẹ̀ nípa ẹnu àwọn èèyàn wa, torí bí mo bá mọ̀ ọ́n gbọ́ ni, mi ò bá ti tètè dé ọsibítù. Alhájì kan tí mò ń ránṣọ fún ló kọ́kọ́ sọ ọ́. Ó ní, "Ràfíù, o mà já o! Ara ẹ á ti fúyẹ́." Inú mi dùn, mo dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Kí ààwẹ̀ tó parí, àwọn obìnrin tó pàtẹ síwájú ṣọ́ọ̀bù wa ti fi mí ṣe yẹ̀yẹ́: "Bàbá pẹ́lẹ́ńgẹ́, ẹ rọra o, kí atẹ́gùn má gbé yín lọ!" Ìyẹn náà pa mí lẹ́rìn-ín. Lẹ́yìn ìtunu, kò sẹ́ni tó pè mí ní pẹ́lẹ́ńgẹ́ mọ́. Wọ́n ní, "O rù o. Ṣé kò sí nǹkan?" Yẹ̀yẹ́ ti kúrò nínú ìyẹn. Nígbà tó yá, ó di, "O ti gbẹ." Ẹni tó rù ṣì lè sanra padà lójú wọn, ṣùgbọ́n ẹni tí wọ́n bá ti ní ó gbẹ, wọ́n ti ń mú ọkàn kúrò lára rẹ̀ nìyẹn. Mo gbọ́ pé mo joro. Mo gbọ́ pé mo rí tín-ín-rín bí okùn bàtà. Ẹnu ìyá mi ni mo ti gbọ́ pé mo ti rù kan eegun.

Èyí tó wá burú jù nínú gbogbo rẹ̀, ẹnikẹ́ni kò sọ ọ́ fún mi. Ẹ̀yìn kọ́tìnì ṣọ́ọ̀bù ni mo wà lọ́jọ́ náà tí mo gbọ́ tí obìnrin kan ń bi ẹnìkejì rẹ̀ pé, "Kí ló ń ṣe télọ̀ yìí tó fi rù hangogo báyìí?" Mi ò gbọ́ èsì. Ó ní láti jẹ́ pé orí ni ẹnìkejì mì. Ẹ jọ̀ọ́, níwọ̀n ìgbà tí wọ́n bá ṣì ń sọ ọ́ lójú yín, tí wọ́n ń rẹ́rìn-ín sí i, àyè ṣì wà. Bí wọ́n bá ti gbé e lọ sẹ́yìn kọ́tìnì, ẹ gbé bàtà yín wọ̀, ẹ jáde nílé.

Ẹ lè bi mí pé ṣé ojú mi fọ́ ni. Kò fọ́! Iṣẹ́ ọwọ́ mi ló tàn mí. Bí ẹlòmíràn bá ń rù, aṣọ rẹ̀ ló máa ń tú àṣírí. Ọrùn bùbá á fẹ̀, ṣòkòtò á máa yọ̀ wálẹ̀, agogo ọwọ́ á máa rìn lọ sí ìgúnpá. Ṣé èmi wá dúró kí aṣọ mi tú mi láṣìírí? Ẹ̀rọ wà níwájú mi, òwú wà lórí rẹ̀. Bí bùbá kan bá ti fẹ́ fẹ̀ jù, mo bọ́ ọ, mo dín in, mo gbé e wọ̀ padà. Ṣòkòtò tí mo fẹ́ wọ̀ lọ kírun Jímọ̀ọ̀, mo dín in kí n tó ṣe àlùwàlá. Kò pẹ́ kò jìnnà, kò sí aṣọ kan nínú àpótí mi tó tóbi jù mí lọ. Mo wá ń yangàn pé kò sí ọkùnrin tí aṣọ bá mu bí èmi ní gbogbo Bẹẹrẹ. Ẹ ò rí i pé ọgbọ́n pọ̀ lórí mi!

Nílé, ìyá mi ti ní ohun tó ń ṣe mí lọ́wọ́. Ó ní ọwọ́ ayé ni. Ó gbé àgbo wá láti Ògùnpa, ọ̀kan korò, èkejì ń rùn, wọ́n ní kí n máa fi ìkan lé ìkan. Áfáà kan láti àdúgbò wa kọ hàǹtú sí wàláà, wọ́n fọ̀ ọ́, mo mu ún. Mi ò bú Áfáà o, àdúrà rẹ̀ wà lára ohun tó gbé mi dúró. Ṣùgbọ́n bí Sìdí bá ti la ẹnu pé, "Ìyá, ṣé ká mú wọn lọ sí ọsibítù?" ìyá mi á dá a lóhùn pé, "Kí wọ́n lọ sọ kí ni fún wa níbẹ̀?" Ohùn rẹ̀ á sì yí padà. Owó tí a ná sórí àgbo àti oògùn oníkẹ́mísì nígbà yẹn, ẹ má jẹ́ n rántí rẹ̀, kí ayọ̀ mi má baà dín.

Iléyá wá ku díẹ̀. Múfú wọlé tọ̀ mí wá láàárọ̀ ọjọ́ kan pẹ̀lú téèpù lọ́rùn. Ó ní, "Bọ́ bùbá ẹ, jẹ́ n wọn ẹ. Gbogbo aṣọ Iléyá ni mo ti gé tán, tìẹ nìkan ló kù."

Mo bọ́ ọ. Mo mú bírò dání kí n fúnra mi kọ ọ́ bó bá ṣe ń pè é. Ó fi téèpù yí àyà mi ká. Mo gbé bírò lé ìwé, mò ń retí. Kò pe nǹkan kan.

Mo ní, "Pè é."

Ó tú téèpù náà, ó nà án, ó tún fi yí mi ká. Ọwọ́ rẹ̀ tutù lẹ́yìn mi. Lójú ọ̀nà, ariwo ọjà ń lọ, àwọn télọ̀ yòókù ń pe nọ́ńbà tiwọn, ṣùgbọ́n inú ṣọ́ọ̀bù tèmi pa lọ́lọ́.

"Múfú, pè é jàre! Mélòó ni?"

Ó ká téèpù náà, ó fi í sápò. Nígbà tó wá yí wá síwájú mi, ojú rẹ̀ ti pọ́n. Ó ní, "Wọ bùbá ẹ. Ọsibítù là ń lọ lọ́la, àárọ̀ kùtù. Tí o bá ní o ò lọ, màá gbé ẹ sẹ́yìn. Mo ti mọ̀ báyìí pé mo lè gbé ẹ."

Títí di òní olónìí, Múfú kò tíì sọ nọ́ńbà náà fún mi. Láti ìgbà tí mo ti dé ìdí iṣẹ́ yìí, mi ò rí kí ẹnikẹ́ni wọn èèyàn kó má pè é síta. Ọ̀rọ̀ àwọn ará ọjà kò tíì bà mí lẹ́rù tó bẹ́ẹ̀. Ẹ̀rù bà mí lọ́jọ́ náà.

Lọ́jọ́ kejì, bí a ṣe kírun àsùbáà tán ló kan ilẹ̀kùn. Ìyá mi dúró sẹ́nu ọ̀nà, ó di í mú.

"Múfútàù, níbo lò ń gbé ọmọ mi lọ?"

"Ìyá, ọsibítù ni, ẹ má bínú."

"Kí wọ́n lè sọ pé ikọ́ ife ni? Kí wọ́n pe orúkọ yẹn nínú agboolé yìí?"

Ìgbà yẹn ni mo tó mọ ohun tó ń dà á láàmú. Ó ní àbúrò kan, Làmídì, tí ikọ́ yìí pa nígbà tí èmi kò tíì gbọ́n. Yàrá ẹ̀yìnkùlé ni wọ́n tì í mọ́, wọ́n ya abọ́ rẹ̀ sọ́tọ̀, àwọn tó fẹ́ fẹ́ ọmọ nílé wọn sì sá. Ìyá mi mọ̀ nínú ọkàn rẹ̀ láti ọjọ́ pípẹ́. Ọwọ́ ayé kì í ti èèyàn lójú, ikọ́ ife ló ń tini lójú, ìdí nìyẹn tó fi yan ọwọ́ ayé fún mi.

Sìdí ló dá a lóhùn, ó kúnlẹ̀. "Ìyá, ẹ jẹ́ kí wọ́n pe orúkọ ẹ̀. Tí wọ́n bá pè é, ojú á tì wá. Tí wọn ò bá pè é, opó ni wọ́n máa pè mí."

Ìyá mi fi ilẹ̀kùn sílẹ̀.

Ẹ̀yin tí ẹ̀ ń lọ sí ọsibítù ìjọba, ẹ mú sùúrù dání. Ibi tí a lọ yẹn, bàtà ló ń tò, èèyàn kọ́. Ẹni tó bá dé á bọ́ bàtà rẹ̀ kan sórí ìlà, á lọ jókòó síbòòji, bí ìlà bá sún, gbogbo wa á dìde láti ti bàtà wa síwájú. Èmi kò lágbára àtidìde, Múfú ló ń ti tèmi. Obìnrin kan fẹ́ gbé tirẹ̀ síwájú tèmi, Múfú ní, "Màmá, ẹ wo ẹni tó ni bàtà yẹn ná." Obìnrin náà wò mí, ó gbé bàtà rẹ̀ sẹ́yìn. Àǹfààní kan ṣoṣo tí mo rí nínú rírù nìyẹn!

Nọ́ọ̀sì fún mi ní ike kékeré kan, ó ní kí n wúkọ́ láti ìsàlẹ̀ àyà wá: "Bàbá, kẹ̀lẹ̀bẹ̀ la fẹ́, itọ́ kọ́ o." Nígbà tí èsì jáde, ó ní kí n jókòó, ó sì pe orúkọ náà láìgbé ohùn sókè tàbí sílẹ̀. "Ikọ́ ife ni. Ó ní oògùn, ọ̀fẹ́ ni, kò sẹ́ni tó máa gba kọ́bọ̀ lọ́wọ́ yín. Oṣù mẹ́fà lẹ máa lò ó. Ẹ ò gbọdọ̀ fo ọjọ́ kan, ẹ ò sì gbọdọ̀ dá a dúró bí ara bá yá. Ṣé ẹ gbọ́ mi? Bí ara bá yá gan-an ni kẹ́ ẹ tẹra mọ́ ọn."

Mo sunkún, mi ò purọ́. Mo bi í bóyá màá kú. Ó ní, "Ẹ ò pẹ́ jù. Ẹ kàn pẹ́."

Wọ́n ní kí gbogbo ilé wá ṣe àyẹ̀wò. Ìyá mi ló kẹ́yìn, ó fi gèlè bo ojú wọ ọgbà ọsibítù, bí ẹni pé gbogbo Ọjà'ba ń tẹ̀ lé e. Alhamdulillah, kò sí nǹkan kan lára ẹnikẹ́ni. Wọ́n fún àbíkẹ́yìn wa ní oògùn tí á máa dáàbò bò ó. Èmi náà ń bo imú àti ẹnu níbẹ̀rẹ̀, mò ń dá sùn sí yàrá tí fèrèsé rẹ̀ ṣí. Nọ́ọ̀sì jókòó ti ìyá mi, ó ṣàlàyé fún un pé bí oògùn bá ti ń ṣiṣẹ́, ikọ́ náà kò ní máa ran ẹlòmíràn mọ́, àti pé abọ́ kì í gbé e. Nígbà tí a délé, ìyá mi bu omi sínú ife mi, ó mu ún tán níwájú mi. Mo mọ̀ pé Làmídì ló ń rò.

Oògùn yẹn! Ọjọ́ tí mo kọ́kọ́ lò ó, ìtọ̀ mi pupa bíi sóbò, mo ké nínú ilé ìwẹ̀ débi pé Sìdí sáré wá pẹ̀lú orógùn lọ́wọ́. Wọ́n ti sọ fún mi tẹ́lẹ̀, ẹ̀rù ló jẹ́ n gbàgbé. Òógùn ìdájí ló kọ́kọ́ lọ. Lẹ́yìn náà ni ibà ìrọ̀lẹ́ lọ. Ọjọ́ kan wá dé tí mo jí, tí nǹkan kan ń ṣe mí nínú, mi ò mọ ohun tó jẹ́. Ebi ni! Ẹ̀yin èèyàn mi, ebi! Mo jẹ èkuru, mo jẹ ẹ̀kọ lé e, mo tún wo abọ́ àwọn ọmọ. Sìdí ń sunkún, ó ń rẹ́rìn-ín, ó ń bu sí i. Ìyá mi gbé tirẹ̀ wá láti yàrá rẹ̀, àwọn méjèèjì wá ń bára wọn jà lórí ẹni tí màá jẹ tirẹ̀ ṣáájú.

Aṣọ Iléyá mi ńkọ́? Iléyá yẹn, orí ẹní ni mo ti gbọ́ tákìbírà àwọn tó ń lọ sí yídì. Nígbà tí mo tó lè rìn dé Bẹẹrẹ, mo rí bùbá, ṣòkòtò àti agbádá kan tí wọ́n fi kọ́ sí ṣọ́ọ̀bù Múfú, ó fi náílọ̀n bò wọ́n.

Mo ní, "Ta ló nìyí?"

"Ìwọ ni."

"Múfú, ó tóbi."

"Kò tóbi. Ìwọ lo kéré." Ó ń bá iṣẹ́ rẹ̀ lọ. Ìwọ̀n èṣí, fọ́tì-tú láyà, ló fi rán an. Ó ju èyí tó wọ̀n lọ́jọ́ náà nù, bí ẹni pé kò wọn ẹnikẹ́ni.

Ẹ wá gbọ́ ibi tí ewu wà. Ní nǹkan bí ìdajì oògùn náà, ikọ́ ti lọ, ẹ̀rẹ̀kẹ́ ti ń yọ. Ìyá mi fi oríkì mi pè mí, ó ní, "Àkànní, o ti sàn. Má jẹ́ kí oògùn òyìnbó ba ẹ̀dọ̀ rẹ jẹ́." Inú mi gbà á. Oògùn náà ń mú èébì gbé mi, lílọ gbà á ti sú mi. Mo lọ bá Múfú kí n gba aṣọ mi, mo ní mo ti sàn. Ó ní kí n wọ̀ ọ́. Mo wọ̀ ọ́. Èjìká bùbá náà balẹ̀ sí apá mi, ọmọdé tó wọ aṣọ bàbá rẹ̀ sàn jù mí lọ. Ó ní, "Ó ti bá ẹ mu àbí?" Ó bọ́ ọ lọ́rùn mi, ó fi í kọ́ padà. "Lọ lo oògùn ẹ."

Mo lò ó. Mo lò ó tán, wọ́n ṣe àyẹ̀wò fún mi nígbà ìkẹyìn, nọ́ọ̀sì ní kò sí nǹkan kan mọ́. Mo jókòó ti ẹ̀rọ mi, mo tú gbogbo aṣọ tí mo ti dín, ọ̀kan lẹ́yìn òmíràn, mò ń kọrin. Ẹ̀yin tí ẹ ń wúkọ́ tí kò lọ, tí ẹ̀ ń rù, tí ẹ̀ ń làágùn kílẹ̀ tó mọ́, ẹ má dá ọyẹ́ lẹ́bi, ẹ má dá ààwẹ̀ lẹ́bi, ẹ má sì dín aṣọ yín. Ẹ̀yin ìyá, ẹ jẹ́ kí wọ́n pe orúkọ ẹ̀. Ìyá mi fúnra rẹ̀ ló ń mú àwọn èèyàn lọ sí ọsibítù báyìí, kò sì fi gèlè bojú mọ́.

Nígbà tí ìtunu ààwẹ̀ ọdún yìí ku ọ̀la, mo wọ ṣọ́ọ̀bù Múfú, mo ní kó fún mi ní aṣọ mi. Ó wò mí láti òkè délẹ̀. Ó ní òun kì í fún oníbàárà láṣọ láìwọ̀n ọ́n. Mo bọ́ bùbá mi, mo nawọ́ sókè. Ó fi téèpù yí àyà mi ká, ọwọ́ rẹ̀ sì tún tutù lẹ́yìn mi. Ó pẹ́ díẹ̀. Lẹ́yìn náà ni mo gbọ́ tó fa èémí sínú, ó sì pariwo dé ojú ọ̀nà, ó ju bí wọ́n ṣe ń pe nọ́ńbà lọ:

"Fọ́tì-tú!"

Àwọn télọ̀ ìlà wa dúró lórí ẹ̀rọ wọn. Àwọn obìnrin alátẹ yíjú síbi tí a wà. Múfú ti gbàgbé láti tú téèpù náà, ó kàn dì í mú lẹ́yìn mi, ó ń sunkún.

Mo ní kó tún un pè.